Ọwọ́ Ìyá Àgbà Nínú Àáró

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò tó ń sọ ìtàn bí ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní agbègbè wa. Ohùn rẹ̀ tutù, Faransé rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní kí ìjọba tó dé, kò sí ètò kankan fún ọmọdé ní àwọn abúlé tó wà láyìíká Atakpamé, pé ńṣe ni àwọn ìyá máa ń fi wọ́n sílẹ̀ láàárín erùpẹ̀ àti ewúrẹ́, tí wọ́n á gba oko lọ. Mo pa rédíò náà. Àgbàlagbà ni mí báyìí, ó yẹ kí n ti kọjá ẹni tí ọ̀rọ̀ rédíò ń bí nínú, ṣùgbọ́n inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ètò wà. Ìyá tó bí bàbá mi ni ètò náà, ìṣojú mi sì ni wọ́n ti bà á jẹ́.

Abúlé wa kò jìnnà sí ọ̀nà ọ̀dà tó ti Atakpamé lọ sí Glei. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ àwọn takisí tó ń gun òkè, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń ráhùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe takisí ló ń jí mi láàárọ̀, kì í sì í ṣe àkùkọ. Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, lẹ́yìn náà ikọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹkún ọmọ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, òmíràn láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn láti ìsàlẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ló ń dé, ọmọ lẹ́yìn, ọkọ́ léjìká. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á tú ọ̀já, wọ́n á gbé ọmọ sórí ẹní ńlá tó tẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á sì yára yí padà kí ọmọ náà tó mọ̀ pé ìyá òun ti lọ. Ìyá Àgbà á ti fi eérú fa ilà yí àgbàlá ká. Ọmọ tó bá rá dé ibi eérú yẹn, oríkì rẹ̀ ló máa fi pè é padà, n kò sì rí èyí tí kò yíjú sí i rí. Àwọn tó ti lè rìn ló ń bu omi fún àwọn tí kò tíì lè rìn. Nígbà tí oòrùn bá gun òkè tán, ẹ̀kọ gbígbóná ni, pẹ̀lú ẹ̀pà sísun tó ti gún, nínú igbá kan náà. Ilé wa kún fún ariwo ju ọjà lọ, òun sì jókòó sáàárín rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì nà síwájú, ó ń ṣa ẹ̀wà bí ẹni pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ má baà rò pé ojú àánú ló fi ń gba ọmọ wọn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn obìnrin abúlé wa ń ṣe àáró. Lónìí gbogbo wọn á lọ sí oko lágbájá, lọ́la wọ́n á lọ sí ti tàmẹ̀dù, títí tí á fi kan olúkúlùkù, tí á sì tún padà sórí ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá yọjú sí oko ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó máa yọjú sí tirẹ̀. Sòbìà ti ba orúnkún Ìyá Àgbà jẹ́ láti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò lè bẹ̀rẹ̀ sórí ọkọ́ pẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ wà nínú àáró. Ọmọ wọn tó ń tọ́jú ni ọkọ́ rẹ̀. Bí ó bá kan ọjọ́ rẹ̀, gbogbo wọn á gba oko rẹ̀ lọ lẹ́yìn odò, wọ́n á kọ ebè, wọ́n á ro ó, òun á sì wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, kò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, iṣu rẹ̀ á sì ta bíi ti gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí síbì kankan. Àwọn ìyá wọn ló bá a lọ́wọ́ ìyá tiwọn. Mo ti jókòó sí ìpàdé láti ìgbà náà wá, mo ti gbọ́ tí àwọn alákọ̀wé ń béèrè ibi tí a ó ti rí owó tí a ó fi máa tọ́jú ọmọ lábúlé, mo sì máa ń fẹ́ dìde kí n pariwo pé a ti rí i rí.

Oko yẹn ju oúnjẹ lọ. Ní ọdún iṣu, obìnrin tó bá ti darúgbó á gbé iṣu oko ara rẹ̀ wá síwájú ẹbí. Bí ó bá jẹ́ iṣu ọmọ rẹ̀ tàbí ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló gbé wá, wọn ò ní lé e, wọ́n á fún un jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló máa jókòó sí, láàárín àwọn tí wọ́n ń bọ́. Ìyá Àgbà kò jókòó sẹ́yìn rí. Bàbá mi wà lóko kòkó ní Gánà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni à ń gbọ́, a kì í rí i, nítorí náà Ìyá Àgbà àti ìyá mi ni wọ́n ń gbé ilé náà dúró. Ó máa ń sọ fún ìyá mi pé òun kò fẹ́ jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ òun bá ṣì wà nínú àáró. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní kò sẹ́ni tó lé wọn nídìí ìkòkò.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀gá kan láti Atakpamé kọ́kọ́ wá. Òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé fún gbogbo agbègbè náà, wọ́n sì ti kọ́ wa ní orin tí a ó fi pàdé rẹ̀ kí ó tó dé. Faransé ló ń sọ. Ògbufọ̀ rẹ̀ ń sọ ọ́ di Èwé, ọmọ baálẹ̀ sì ń sọ Èwé náà di Ifẹ̀, èdè abúlé wa, fún àwọn arúgbó. Wọ́n mú un kiri abúlé, ó dé àgbàlá wa, ó wo ẹní, ó wo igbá tí ewúrẹ́ kan ń lá ní ìdí ògiri, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ó sọ̀rọ̀ kan, àwọn tó bá a wá rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ kò túmọ̀ èyí. Ìyá Àgbà, tó ń fọ ẹnu ọmọ kan lọ́wọ́, bi í léèrè ohun tí àlejò wí, ògbufọ̀ ní àlejò ń kí i ni. Ó ní yoo, bí a ti ń dáhùn ìkíni, ó sì kí i padà. N kò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì fẹ́ dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Àdéhùn tí wọ́n bá baálẹ̀ ṣe rọrùn. Abúlé á mọ bíríkì, á gbẹ́ iyanrìn lódò, á gé igi. Agbègbè á mú páànù wá àti obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, tí ìjọba á máa san owó oṣù fún. Jadẹ́n, ọ̀rọ̀ Faransé fún ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé, ni wọ́n pe ilé náà. Àwọn ọkùnrin dá ọ̀wẹ̀, àwa ọmọ ru omi títí àárín orí wa fi ń dùn wá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ilé ti dúró, páànù rẹ̀ ń kọ mànà ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Obìnrin tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Afí, ọmọ Kpalimé, ọ̀dọ́ ni, a sì ń pè é ní Tantí Afí. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó mọ́ra, ó mọ iṣẹ́, ó kọ́ àbúrò mi Kọkú ní orin lábẹ́ labalábá tó fi bébà gé. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí kì í ṣe pé ìjọba mú un wá. Ó dára tó mú un wá.

Àwọn obìnrin wa ló ṣe àṣìṣe, irú àṣìṣe tí àwa nìkan lè ṣe. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ rẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àáró. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba ń san owó fún Tantí Afí, ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló bí ọmọ wọn. Ìtìjú ni fún wọn kí àlejò máa nu imú ọmọ wọn láràárọ̀ kí ó má ní ebè kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ jadẹ́n ni wọ́n ti dá oko fún un, iṣu, àgbàdo, ilá létí rẹ̀. Ọjọ́ Ìyá Àgbà ni wọ́n sì fún un, nítorí wọ́n ní ọmọ kan náà kò lè gba ọwọ́ méjì. Ìyá Ablá, tó jẹ́ olórí wọn, ló wá sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan nígbà tí ìyá mi ń bẹ iṣu. Ó kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí wa. Tantí ló ń tọ́jú wọn báyìí. Òun la ó máa ro oko fún."

Ìyá Àgbà bi í bóyá Tantí ló béèrè fún un. Ìyá Ablá ní kò béèrè, àwọn ni ojú ń tì. Ìyá Àgbà wá kọjú sí ìyá mi, nítorí ìyá mi náà wà nínú àáró, ohùn rẹ̀ sì já mọ́ nǹkan níbẹ̀. Ọ̀bẹ ìyá mi kò dúró. Èèpo iṣu ń já bọ́ sínú agbada, kò gbójú sókè. Mo fẹ́ràn ìyá mi títí ilẹ̀ fi bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọ̀bẹ yẹn, ara mi a máa gbóná.

Láti ọjọ́ náà, àgbàlá wa dákẹ́. Ìyá Àgbà ṣì ń jí gbálẹ̀, ó ṣì ń fa eérú rẹ̀ yí ilẹ̀ ká ní ìgbà àkọ́kọ́, títí ó fi jáwọ́. Èmi àti ìyá mi gbìyànjú oko rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ìyá mi ní oko tirẹ̀ àti ọjọ́ àáró àwọn ẹlòmíràn, èmi sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Èpò bò ó. Lọ́dún náà, iṣu ìyá mi ni Ìyá Àgbà gbé lọ síwájú ẹbí. Wọ́n fún un ní àga lẹ́yìn. Ó jókòó, ó jẹ díẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sílé. Lójú ọ̀nà ó sọ fún mi pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló wá gé ọwọ́ àgbà kúrò.

Ọ̀gá náà padà wá ní ọdún kejì láti bẹ jadẹ́n wò. Kí ó tó dé, Ìyá Àgbà gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú un lọ wo oko Tantí Afí, nítorí pé kò sí oko tó dára bẹ́ẹ̀ ní gbogbo abúlé. Ọwọ́ gbogbo wọn ló kọ́kọ́ ń bọ́ síbẹ̀ kí ó tó kan oko ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ. Ẹ má mú un débẹ̀." Ìyá mi ní àlejò kì í dé kí a fi ohun rere pa mọ́. Wọ́n mú un débẹ̀. Ìyá Ablá fa ewé iṣu kan sọ́tọ̀ kí ó lè rí bí ebè ṣe fẹ̀, ó sì sọ fún un, pẹ̀lú ayọ̀, pé àwọn ló ń ro gbogbo rẹ̀ fún Tantí, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá náà dúró. Ó wo oko náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí nǹkan tó ti ń wá.

Abẹ́ igi níwájú jadẹ́n ló ti sọ̀rọ̀. Ó yìn wá. Ó ní kò sí abúlé tó dà bíi tiwa. Ó ní, "Ẹ ti fi hàn gbogbo agbègbè pé abúlé tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lè bọ́ olùtọ́jú ọmọ fúnra rẹ̀. Ìjọba á lè gbé ọwọ́ tirẹ̀ lọ síbòmíràn." Ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá, ó gba ẹnu ọmọ baálẹ̀ kọjá, kò sì sọnù lọ́nà, bí ó ti wí i gan-an ló ṣe dé etí wa. Ìyìn la gbọ́, nítorí ìyìn ni wọ́n fi wé e. Àwọn obìnrin wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọrin. Ìyá mi jó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń gba nǹkan kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi iṣu dì í lẹ́rù lọ. Tantí Afí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀gá náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ní àwọn ọdún yẹn, àwọn tó yá orílẹ̀-èdè wa lówó ti ní kí ìjọba dín ìnáwó kù, pé wọ́n ti sọ fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kí ó wá ibi tí ó ti lè gé nǹkan. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ló rọrùn láti gé jù, nítorí ọmọ tí kò tíì mọ̀rọ̀ sọ kò lè kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Kò gé ti àwọn abúlé tó jókòó tí wọ́n káwọ́ gbera. Tiwa ló gé, nítorí a ṣiṣẹ́. Oore tí a ṣe ni wọ́n fi jẹ wá níyà. Ká ní ó sọ pé kò sí owó, à bá sunkún, à bá sì mọ ohun tó ń ṣe wá. Ìyìn ló fi pa wá lẹ́nu mọ́.

Owó oṣù Tantí Afí kò dé mọ́. Ó rò pé ó pẹ́ lọ́nà ni, ó lọ sí Atakpamé lọ béèrè, wọ́n ní abúlé rẹ̀ ti gbà láti máa bọ́ ọ. Àwọn obìnrin wa fi iṣu kún iṣu fún un. Ṣùgbọ́n iṣu kì í ra karosíìnì, iṣu kì í ra oògùn fún ìyá rẹ̀ tó wà ní Kpalimé. Ó ń rù ú lọ sétí ọ̀nà ní Glei lọ tà, ó ń pẹ́ kí ó tó dé, àwọn ọmọ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó wọ takisí, kò sì padà. Ó sunkún nígbà tó ń dágbére fún Ìyá Àgbà. Ọkùnrin kan wá láti Atakpamé lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn jadẹ́n, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní ilé ìjọba ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bíríkì wa, iyanrìn wa, omi orí wa.

Àwọn ìyá wá ń gbé ọmọ lọ sóko. Wọ́n á so ọmọ mọ́ ìdí igi pẹ̀lú ọ̀já, tàbí kí wọ́n tẹ́ aṣọ sí òpin poro. Ọjọ́ kan tí ìyá mi ń ro oko Ìyá Ablá, Kọkú rìn dé ibi tí wọ́n ti ń sun iṣu, ó sì ki ọwọ́ bọ ẹyin iná. Títí dòní, ìka rẹ̀ méjì kò nà dáadáa. Kò lè di pẹ́ńsù mú bí ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ń ka àṣeyọrí wọn lórí rédíò, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìka àbúrò mi mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn obìnrin wá bá Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn ló wá, ìyá mi jókòó láàárín wọn bí ẹni pé kì í ṣe ilé rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún máa gba àwọn ọmọ. Ó gbọ́ wọn tán. Ó ní òun á gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ro oko òun, nítorí àkókò ebè ń kọjá lọ. Ìyá Ablá ní òjò ti wọlé, oko tiwọn náà ń jìyà, kí ó jẹ́ kí wọ́n yanjú ti ọdún yìí ná, wọ́n á dé ti tirẹ̀. Ìyá Àgbà ní rárá. N kò gbọ́ kí ó kọ ọmọ rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n dìde, mo sì rí i lójú wọn pé wọn ò gbà á gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àwọn ọmọ wá bí ìgbà àtijọ́, wọ́n gbé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì sáré lọ kí ó tó jáde. Wọ́n mọ̀ pé kò lè wo ọmọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi gbé Kọkú sílẹ̀ tòun ti aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀, ó bá wọn lọ. Ìyá Àgbà jáde, ó dúró, ó wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń sunkún. Ó wọlé lọ mú ọkọ́ kan. Ó ní kí n gbé èyí tó kéré jù, kí n di ọwọ́ Kọkú tí kò jóná mú, kí àwọn tó lè rìn di ara wọn láṣọ mú. A gba ọ̀nà oko lọ, òun níwájú, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó dé.

Oko Ìyá Ablá ni àáró wà lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin gbójú sókè, wọ́n rí wa. Ìyá Àgbà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú àwọn ọmọ sílẹ̀ lórí ebè, ó wọ inú poro kan, ó kúnlẹ̀ lé orúnkún rẹ̀ tó dára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ó ní, "Mo ti wá bí ẹ ṣe ń wá. Ó yá, ta ló kù nílé?"

Àwọn ọmọ ti tú ká. Èyí ń fa èhù iṣu tu, èyí ń sunkún tọ ìyá rẹ̀ lọ, òmíràn ti forí lé ibi iná. Obìnrin tó bá gbé ọkọ́ sókè, á sọ ọ́ sílẹ̀ láti sáré lé ọmọ. Ìyá Àgbà ń ro lọ, ó ń mí gúlegúle, òógùn ń kán sílẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ìyá Ablá ló wá dúró níwájú rẹ̀ níkẹyìn, ó di ẹ̀rú ọkọ́ náà mú. Ó ní, "Ìyá, ẹ dìde. Ọ̀la la ó lọ sí oko yín."

"Òní," ni Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n kó ọkọ́ wọn. Oko náà wà lẹ́yìn odò, èpò rẹ̀ ti ga ju àwọn ọmọ lọ. Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ igi òrí létí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ, kò sì sọ pé ẹ ṣeun. Bí obìnrin kan bá gé èpò lórí lásán, á ní kí ó padà lọ hú gbòǹgbò rẹ̀. Bí èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú bá ní ọyàn ń dun òun, á ní kí ó tètè parí poro rẹ̀. Ẹni tó bá ro tirẹ̀ dé òpin ló ń rí ọmọ rẹ̀ gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dé, tí wọ́n ń kúnlẹ̀, tí ó ń na ọmọ sí wọn. Ìyá mi ló kẹ́yìn, nítorí ibi tí eèsún ti pọ̀ jù ni Ìyá Àgbà fi í sí. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà jẹ́ kí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé Kọkú sókè, ó na án sí i.

"Gba ọmọ rẹ," ló wí. "Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, gbé e padà wá."